Ẹlẹ́sẹ̀-Òwú àti Ẹlẹ́sẹ̀-Odó ní Pálọ̀ Tíṣà

Òórùn àdín àgbọn ni ó máa ń kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu géètì ilé náà. Obìnrin tó háyà yàrá ẹ̀yìnkùlé ló máa ń sè é ní ọ̀sán Sátidé, òórùn rẹ̀ á gba ojú fèrèsé wọ pálọ̀, á lọ dà pọ̀ mọ́ òórùn kanfọ̀ tí bàbá onílé fi sínú àpótí fíìmù rẹ̀ nítorí aáyán. Àgbádárìgì ni ilé náà wà, ní àdúgbò kan tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà kì í jẹ́ kí aṣọ orí okùn sinmi. Títí di òní, ọ̀rẹ́ mi, bí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń se àdín àgbọn, àwọn òyìnbó tó wọ kóòtù onírù ni mo máa ń rí níwájú mi, tí wọ́n ń jó. Kí o tó rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ.

Bàbá onílé yẹn ni bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣe aya. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí lítíréṣọ̀ ló fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ègùn ni, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì láti inú ìyá rẹ̀ wá. Èmi ní tèmi, ọmọ Èkìtì ni mí, Áńgílíkà ni wọ́n sì bí mi sí. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ní yunifásítì ló gbé mi wá sí etí òpópónà márosẹ̀ tó lọ sí Àgbádárìgì, Mowo ni mo sì háyà yàrá sí. Ìyá ọmọbìnrin náà ti kú nígbà tó wà ní kékeré, bàbá rẹ̀ nìkan ló tọ́ ọ, òun nìkan sì ni bàbá náà bí. Olùkọ́ lòun náà, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Kankon. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ mú mi wá sílé, mo ti múra sílẹ̀ fún ìbéèrè nípa ìran mi, iṣẹ́ mi àti ìjọ tí mo ń lọ. Tíṣà kò bi mí ní ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ṣé o máa ń jó?"

Mo ní, "Rárá, sà."

Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù tí kò béèrè wá fún, ó sì ní kí n jókòó, pé fíìmù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Fíìmù Amẹ́ríkà àtijọ́ ni, irú èyí tí ènìyàn á kàn máa sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tí orin á sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀, tí àwọn tó ń kọjá lọ lójú títì á sì dara pọ̀ mọ́ ọn bí ẹni pé wọ́n ti ń dúró dè é láti àárọ̀. Ìgbà èwe rẹ̀ ni Tíṣà ti kó sínú ìfẹ́ wọn, nígbà tó máa ń lọ sí sinimá l'Ékòó. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ kan ló wá bá a kó wọn sórí díìsì láti òkè òkun, ó sì tò wọ́n sínú àpótí onípákó kan bí ẹni tó ń to Bíbélì. Gbogbo Sátidé la máa ń wo ọ̀kan. Bí iná bá lọ, a ó tan jẹnẹrétọ̀, a ó sì gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè títí àwọn aládùúgbò á fi máa bá wa kọrin láti òdì kejì ògiri.

Ṣùgbọ́n wíwò kọ́ ni adùn rẹ̀. Bí fíìmù bá parí, Tíṣà á pa tẹlifíṣọ̀n, á sì ní, "Ó yá, ẹ lé wọn jáde." Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí a yọ gbogbo òṣèré kúrò nínú fíìmù náà, kí a fi àwọn ènìyàn inú ìwé tí a ti kà dípò wọn. Oníkálukú á mú tirẹ̀ wá, á sì jà fún un. Mo rántí opó ahun kan nínú ìwé ìtàn tí gbogbo wa kà ní ilé-ẹ̀kọ́, ẹni tó máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ra jẹun. Ọmọbìnrin yìí wọ̀ ọ́ ní gáùn tí wọ́n fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ó fi í sí ipò gbajúmọ̀ oníjó tó ń ju òdòdó sí àwọn èrò ìwòran. Ó ní bí ijó bá parí, opó náà á sọ̀kalẹ̀ láti orí ìtàgé, á ṣa gbogbo òdòdó rẹ̀ padà. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀ nu. Òun náà mú baálẹ̀ onínúfùfù kan tí kì í fẹ́ gbọ́ ariwo, ó fi í jẹ oní-hòtẹ́ẹ̀lì tí àwọn oníjó wá dé sí, ó ní ìyà tó tọ́ sí i gan-an nìyẹn. Èmi kì í ní púpọ̀ láti mú wá. Akọ̀wé kóòtù kan wà nínú eré orí ìtàgé tí mo kà, ẹni tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó ní kí gbogbo ènìyàn dìde. Òun ni mo máa ń fi síbi gbogbo. Ọmọbìnrin náà á wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ojú, á ní, "Akọ̀wé yẹn ti wá jọ ìwọ jù."

"Rárá o," Tíṣà á yára dá a lóhùn. "Alààyè kò gbọdọ̀ wọ inú eré." Òfin kan ṣoṣo tí eré náà ní nìyẹn. Ó ní àwọn alààyè kì í dúró síbi tí a bá fi wọ́n sí, àwọn ará inú ìwé nìkan ni ìgbẹ́kẹ̀lé wà lọ́dọ̀ wọn.

Ìjà gidi wà lórí àwọn oníjó méjì. Àwọn ni ìràwọ̀ tó pọ̀ jù nínú àpótí Tíṣà, orúkọ àbísọ wọn kì í sì í jáde ní pálọ̀ yẹn. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó máa ń wọ kóòtù onírù àti fìlà gíga, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í dún bí kò bá fẹ́ kó dún. Ẹlẹ́sẹ̀-Òwú ni Tíṣà ń pè é. Ìkejì gbòòrò láyà, á ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè bí lébìrà, á sì fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ bí ẹni ń gúnyán. Ìyẹn ni Ẹlẹ́sẹ̀-Odó. Tíṣà kò rí ẹwà kankan nínú Ẹlẹ́sẹ̀-Odó. Ó ní ó ń jó bí ẹni tó ń bá ilẹ̀ ṣẹjọ́. Ọmọ rẹ̀ ní Ẹlẹ́sẹ̀-Odó ni ọkùnrin, pé ẹni tí kì í làágùn nígbà tó bá ń jó ń fi nǹkan pamọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá gbóná, wọ́n á yí sí èdè Ègùn, èmi á sì máa wo ẹnu wọn bí ẹni tó ń wo tẹníìsì. Ọjọ́ kan ló fòpin sí ìjà náà lójú mi, nígbà tí ọmọbìnrin náà dìde tó fi ìka kan gíláàsì tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹsẹ̀ lẹ̀ ń wò. Ẹ wo ojú obìnrin tó ń bá a jó. Kò wolẹ̀ rí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò wolẹ̀ rí."

Láti ọjọ́ náà ni èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú àwọn obìnrin yẹn. Òótọ́ ló sọ.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí Tíṣà fi bi mí bóyá mo máa ń jó. Nínú ẹbí wọn, bí àgbà bá kú, ọkọ ọmọ rẹ̀ ló máa ń jó níwájú pósí láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Olórí ẹbí á ta aṣọ funfun lé e léjìká lójú gbogbo ayé, aṣọ yẹn ló sì ń sọ fún ìlú pé ẹni yìí ti kúrò ní àlejò, ó ti di ti ilé. Tíṣà kò ní ọmọ mìíràn, nítorí náà kò ní ní ju ọkọ ọmọ kan lọ. Ó ti ń fojú inú wo ìsìnkú ara rẹ̀ bí ẹni tó ń darí fíìmù, Ẹlẹ́sẹ̀-Òwú ló sì fẹ́ níwájú pósí rẹ̀. "Má jẹ́ kí Ẹlẹ́sẹ̀-Odó sin mí," ó máa ń sọ fún mi. "Á da iyanrìn sí mi lójú."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi níjó. A ó ti tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Tíṣà á jókòó sórí àga rọ̀gbọ̀kú rẹ̀, á fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ mi bó ṣe máa ń kàn án síwájú ọmọ tí kò mọ ìwé. Ọmọ rẹ̀ á dúró níwájú mi, á máa fi ẹ̀yìn rìn, á di ìka mi mú. Sìmẹ́ńtì pupa ni ilẹ̀ náà, ó máa ń tutù lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kò gbọ́ràn rárá. Mo ń wolẹ̀ ṣáá, mo ń ṣọ́ wọn bí ẹni ń ṣọ́ ewúrẹ́ kó má wọ oko olóko, òun á sì fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n mi sókè. "Má wolẹ̀. Èmi ni kó o máa wò." Ojú rẹ̀ máa ń tàn nígbà tó bá sọ bẹ́ẹ̀, òógùn díẹ̀ á wà létè òkè rẹ̀, òórùn àdín àgbọn á sì gba gbogbo ilé. N kò tíì láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, mo sì mọ̀ nígbà náà pé mo láyọ̀.

A ti ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́. Àwọn ènìyàn mi wá láti Èkìtì, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n sì fẹ́ kí ìdána wáyé kí ọdún tó parí. Ọjọ́ tí a fẹ́ dá ọjọ́, Tíṣà gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ mọ ijó. N kò ní fi ọmọ mi fún ẹni tí kò lè sin mí dáadáa. Ẹ sún un sí ẹ̀yìn Àjínde." Àwàdà ni. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, bàbá mi pàápàá rẹ́rìn-ín, ó sì sọ fún mi kí n tètè mọ̀ ọ́n jó. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti bá àwàdà náà lọ, wọ́n sì sún un sí ẹ̀yìn Àjínde lóòótọ́. Ọmọbìnrin náà fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ìyà rẹ. Ìwọ lo kì í fẹ́ gbé ojú sókè."

Kò rí Àjínde yẹn. Ọ̀kadà ló gùn bọ̀ láti Kankon lọ́jọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, ọkọ̀ àjàgbé kan sì yà bàrà fún kòtò lójú òpópónà, ó gbá wọn. Nígbà tí mo fi máa dé ibẹ̀ láti ọ́fíìsì, wọ́n ti gbé e lọ. Bàtà rẹ̀ kan wà nínú koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo mú un dání, n kò mọ ẹni tí mo lè gbé e fún.

Ọ̀rẹ́ mi, o mọ bí òkú ọ̀fọ̀ ṣe ń rí. Kò sí orin, kò sí ijó, wọ́n á ṣe é ní wàràwàrà bí ẹni tó ń bo ojú egbò. Lọ́dọ̀ wọn bíi tiwa, òbí kì í dé ibojì ọmọ rẹ̀, nítorí náà wọ́n ní kí Tíṣà dúró sílé. Èmi rò pé èmi ni mo máa tẹ̀ lé pósí. Mo ti wọ aṣọ dúdú, mo ti dúró sí ẹnu ọ̀nà, nígbà tí olórí ẹbí fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà, n kò lè parọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Ọmọ mi, a kò tíì gba ìdána lọ́wọ́ yín. O kì í ṣe ọkọ rẹ̀. Dúró sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́." Àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn olùkọ́ tó ń sunkún sínú aṣọ ìnujú. Mo dúró láàárín wọn, ó sì wá yé mi pé gbogbo ohun tí mo jẹ́ sí i wà lẹ́nu àwa mẹ́ta nìkan, ọ̀kan nínú àwa mẹ́ta sì ni wọ́n ń gbé lọ yìí. Inú bí mi. Mo fẹ́ pariwo. Ibi tí mo ti ń wá ohùn ni mo gbọ́ tí Tíṣà pè mí láti ojú fèrèsé. "Wá bá mi jókòó."

Tábìlì ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí a tì í sí ní Sátidé tó kọjá. Obìnrin ẹ̀yìnkùlé kò se àdín lọ́jọ́ náà, ilé náà kò rùn nǹkan kan. A jókòó, a ń gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń gbéra níta, tí ìró rẹ̀ ń jìnnà, títí a kò fi gbọ́ ọ mọ́.

"Èmi ni mo sún ìdána síwájú," Tíṣà ní. "Èmi ni mo fi eré gba orúkọ ọkọ lọ́wọ́ rẹ."

Mo ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Oklunọ ṣie," ó ń pe Olúwa rẹ̀ ní èdè Ègùn, ó ń fi ọ̀pá kan ilẹ̀ pupa yẹn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí tẹlifíṣọ̀n tó wà ní pípa. "Ó yá. Lé wọn jáde." Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ó tún sọ ọ́. "Lé gbogbo wọn jáde. Ìran ìparí, níbi tí àwọn méjèèjì ti ń jó. Fi ọmọ mi síbẹ̀. Fi ara rẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

Mo rántí òfin rẹ̀, pé alààyè kì í dúró síbi tí a bá fi í sí. Ó rí i lójú mi pé mo rántí. "Ọmọ mi á dúró báyìí," ó ní, "kò tún ní kúrò níbẹ̀ mọ́." Ìgbà náà ni ó bú sẹ́kún. N kò tíì rí àgbàlagbà ọkùnrin tó sunkún bẹ́ẹ̀ rí, pẹ̀lú ẹnu ní yíyà bí ọmọdé. Èmi náà sunkún. Ní gbogbo Àgbádárìgì, àwa méjì tó fẹ́ràn rẹ̀ jù ni kò tẹ̀ lé e dé ibojì.

N kò yéé lọ síbẹ̀ ní Sátidé. Àwọn ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹkún ló ń gbé mi lọ. Nígbà tó yá, ó di àṣà. A kò wo fíìmù kankan mọ́. A ó jókòó, màá bá a ka ìwé nígbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, á dá mi dúró láàárín ojú ìwé, á ní, "Ẹni yìí ì bá jó dáadáa," màá sì máa kà á lọ. Mo padà fẹ́ ìyàwó, mo bímọ, òun ló sọ ọmọ náà lórúkọ Ègùn kan. Ṣùgbọ́n kò pè mí ní nǹkan kan rí níwájú ènìyàn, n kò sì béèrè. Bí àlejò bá dé, á kàn ní, "Ọmọ kan nìyí tó máa ń wá kí mi."

Ọyẹ́ tó kọjá ló kú, nínú oorun, lórí àga rọ̀gbọ̀kú yẹn. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ìyàwó mi lọ aṣọ mi, ó ní kí n lọ, pé òun á dúró ti ọmọ. Mo lọ dúró sẹ́yìn bí wọ́n ti kọ́ mi láti dúró, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́. Ẹgbẹ́ onífèrè ṣọ́ọ̀ṣì ti tò síta. Wọ́n gbé pósí jáde, wọ́n sì dúró. Wọ́n dúró títí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Olórí ẹbí, tó ti darúgbó báyìí tí wọ́n ń dì í mú, la àárín èrò wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́wọ́.

Ó ní, "Ó sọ fún wa kó tó kú pé a kò gbọdọ̀ gbé òun kúrò nílé bí ọkọ ọmọ òun kò bá sí níwájú."

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ pé n kì í ṣe ọkọ rẹ̀."

"Èmi ni mo sọ ọ́," ó ní. "Èmi náà ni mo wá sọ èyí." Ó ta aṣọ náà lé mi léjìká, ó sì yí sí àwọn ènìyàn, ó kígbe ní èdè wọn: "Asu etọn!" Ọkọ rẹ̀ nìyí. Àwọn obìnrin ẹbí gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń pè é láti ẹnu dé ẹnu títí dé ẹ̀yìn géètì.

Fèrè dún. Mo gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, ojú mi sì lọ sílẹ̀ bó ṣe máa ń lọ, síbi iyanrìn àti bàtà mi. Mo gbọ́ ohùn ọmọbìnrin náà nígbà náà, ketekete bí ẹni pé ó wà níwájú mi tó ń fi ẹ̀yìn rìn: Má wolẹ̀. Mo gbé ojú sókè. Títì ló wà níwájú mi, títì gbalasa, àti àwọn ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì tó ń fi fóònù yà mí. Mo fi ojú wá ẹni tí mo máa wò, n kò rí i. Síbẹ̀ mo jó. Mo jó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bíi Ẹlẹ́sẹ̀-Òwú nítorí bàbá rẹ̀. Nígbà tí a dé ìtòsí ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ gidi lẹ́ẹ̀kan nítorí tirẹ̀, iyanrìn sì fò sókè. Òógùn bò mí. N kò fi nǹkan kan pamọ́ mọ́.

Ó ti tó oṣù mélòó kan báyìí, mo sì ń rò ó. Orúkọ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbà nínú ilé yẹn, wọ́n sì fún mi lójú gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n fún mi ni ẹni ìkẹyìn tó lè fi pè mí ń bọ̀ lẹ́yìn mi nínú pósí. Ilé náà ti wà ní títì pa. Mo di ọkọ ní ilé tí kò sí ìyàwó, mo di àna ní ilé tí kò sí bàbá ìyàwó. Aṣọ náà wà nínú àpótí mi, mo fi kanfọ̀ sí i. Gbogbo ènìyàn ló sọ pé mo jó dáadáa, n kò sì bá wọn jiyàn. Láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, n kò wolẹ̀ mọ́. Ó kàn ń dùn mí pé ẹni tó kọ́ mi láti gbé ojú sókè kò sí níbẹ̀ láti rí i.